Jókòó ni àbí Dúró: Ọjọ́ Ayé Mi ní Ilé Géèmù Òkè-Ìlá

Àwọn kan gbà pé eré ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lọ ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì wa níbí, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pè mí: "Ìyá Géèmù, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ẹ ti ṣeré tán?" Èmi náà á dáhùn pé mo ti ṣe é tán, pé mo jẹun yó nídìí eré náà, mo sì tọ́ ọmọ nídìí rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa lẹ ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, torí àwọn kan nínú yín ń rò ó bóyá iṣẹ́ ìjọba ni kí àwọn wá àbí iṣẹ́ ọwọ́. Mi ò ní sọ èyí tí ẹ máa ṣe fún yín. Ẹ ní òbí tó ń fi ìyẹn dà yín láàmú tẹ́lẹ̀. Tèmi ni màá sọ. Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ mi. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni pé kí àlejò wọlé, kí n wò ó dáadáa, kí n sì sọ fún un bóyá géèmù àjókòóṣe ló yẹ ẹ́ tàbí géèmù àdúróṣe. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in tán báyìí.

Tísà ni bàbá mi, tísà ni ìyá mi, gbogbo ìdílé wa ló sì ti pinnu pé tísà lèmi náà máa jẹ́. Èsì ìdánwò ni mo ń dúró dè tí mo fi ní kí n máa ran Ọ̀gá Délé lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó ṣe gbà mí kò gba àkókò: ó bi mí bóyá mo lè dúró pẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí n bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Owó tó ń san kò pọ̀, kò sì jẹ mí ní gbèsè rí, ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ọmọ Ìgbẹ́mọ ni Ọ̀gá Délé. Títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ni iṣẹ́ tó kọ́. Nígbà tó yá, ó to àwọn tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò wá gbà mọ́ sára ògiri, ó so géèmù mọ́ wọn, ó gbé bẹ́ǹṣì síwájú wọn, ilé géèmù sì dé nìyẹn. Ìgbà náà, kásẹ́ẹ̀tì la fi ń ṣe géèmù. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó yọ ọ́, a ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ìdí rẹ̀, a ó tún kì í bọ̀ ọ́. Àlejò wa pọ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ.

Ọkùnrin yẹn le! Kò pariwo, kò bú èèyàn, àmọ́ bó bá wò ọ́, o ó mọ̀ pé o ti ṣe nǹkan. Òfin rẹ̀ tó ga jù ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jókòó. Kò sí àga òṣìṣẹ́ nínú ilé náà rárá. Ó ní àga jẹ́ ti àlejò, ó sì ní bí mo bá jókòó, mi ò ní rí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná lọ tí ẹnikẹ́ni kò sí nílé, mo rọra fìdí kan etí bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ló wọlé bá mi.

"Bọ́sẹ̀dé, àlejò mélòó la ní?"

"Kò sí o, sà."

Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wò mí. "Ta wá lẹni tó jókòó yìí?"

Mo ti fò dìde kó tó sọ ọ́ tán. Gbogbo bẹ́ǹṣì ilé náà ni mo nù lọ́jọ́ yẹn, títí kan abẹ́ wọn.

Ó máa ń mú mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí àlejò bá ń bọ̀, á ní, "Kí lo rí?" Bí mo bá ní mo rí bàbá kan tó wọ bùbá aláwọ̀ ewé, á mirí. "Mi ò bi ọ́ ní aṣọ. Ẹsẹ̀ wo ló fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà? Ṣé ó di nǹkan mú kó tó gun àtẹ̀gùn?" Ìgbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Mo rí ẹni tí orúnkún ń dùn tí kò fẹ́ kí ìyàwó òun mọ̀. Mo rí ẹni tó máa ń fò sókè bí wọ́n bá gbá góòlù wọlé, a ó sì fi í sí ẹ̀yìn kó má baà fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ẹlòmíràn lẹ́nu. Èsì ìdánwò mi dé, ó sì dára, àmọ́ mi ò lọ mọ́. Inú bí bàbá mi. Lẹ́yìn náà ló wá wo ibi iṣẹ́ mi, Ọ̀gá Délé gbé àga tó dára jù fún un, ó sì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ní ojú. Bàbá mi ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn kiri títí ó fi kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Kásẹ́ẹ̀tì lọ, síìdì dé. Tẹlifíṣọ̀n tó gùn lẹ́yìn lọ, èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ dé. Lẹ́yìn náà, géèmù wọ inú fóònù, ọmọ kékeré ń ṣe é lórí ibùsùn rẹ̀, ilé wa sì dá páropáro. Àwọn bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jà lé lórí tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí àwọn tó ń ti Ọjà Ọba bọ̀ ń sọ ẹrù sí kí wọ́n fi sinmi. Ìgbà yẹn ni ọmọ Ọ̀gá tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní VR. Àwa pè é ní awò. Wọ́n ń dì í mọ́jú, ó sì ń bo ojú pátápátá. Bí o bá ti dì í, o ò sí ní Òkè-Ìlá mọ́: o lè wà lórí òkè yìnyín, o lè wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, o sì lè wà nínú gbàgede ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí òmìrán kan ń bọ̀ wá bá ọ. Etí nìkan ni kò bò. O ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Awò yìí ló sọ ohun tí Ọ̀gá ti ń kọ́ mi láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì di iṣẹ́ gidi. Géèmù rẹ̀ pín sí méjì. Ti àjókòóṣe, o ń wakọ̀, o ń fò lófuurufú, tàbí kí o wà nínú ọkọ̀ ojú omi kí o máa pẹja. Ti àdúróṣe, o ń ja ẹ̀ṣẹ́, o ń fi idà bẹ́ èso tó ń fò bọ̀, o ń gun òkè. Àlejò kì í mọ èyí tó yẹ òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin gbogbo ló fẹ́ dúró, ìyá gbogbo ló fẹ́ jókòó, ìdajì nínú wọn ló sì ṣìṣe. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń mú bì, má ṣe fi í sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó ró ìró, jẹ́ kó jókòó, torí bó bá ti ju ẹ̀ṣẹ́ kẹta báyìí, ìró á tú, kò sì ní rí àwọn tó ń wò ó. Ẹni tó ti orí iyán dé, fún un ní omi kó kọ́kọ́ pa ìtàn díẹ̀.

Èyí tó le jù ni àgbàlagbà. Wàá ṣe sọ fún ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá àgbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba pé kó jókòó, kó má sì gbọ́ ọ bíi pé o ní ó ti darúgbó? Mo máa ń sọ pé, "Sà, àga ọlọ́lá nì yí, ẹ̀yin ló ń dúró dè." Wọ́n á jókòó wọ̀ọ̀. Bí ìyàwó ilé bá sì bá ìyá ọkọ rẹ̀ wá, bó ti wù kí ó rẹ̀ ẹ́ tó, kò ní jókòó bí ìyá bá dúró. Ìyá ni màá kọ́kọ́ bẹ̀ kó jókòó. Ìyàwó á mí kanlẹ̀, òun náà á sì rí àga gbà.

Iṣẹ́ tún wá ń lọ dáadáa, títí di ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi kan ilẹ̀ ilé wa.

Ọjọ́ Sátidé ni, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Káyọ̀dé mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Ìbùkún. Àwọn ẹbí méjèèjì kò tíì rí ara wọn, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Mo wo Káyọ̀dé láti òkè délẹ̀: bàtà rẹ̀ tẹ́ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Mo ní, "Àdúróṣe ni tìrẹ." Mo dì í ní awò, mo fi í sáàárín kápẹ́ẹ̀tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ja ẹ̀ṣẹ́. Ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, Ìbùkún ń pàtẹ́wọ́.

Bàbá Ìbùkún ń kọjá lọ níta, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, Bàbá Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kúulé o!"

Ìbùkún ké pé, "Bàbá mi!" Káyọ̀dé sì mọ̀ pé àna òun ló dé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ara rẹ̀ ṣe é kó tó rántí ibi tó wà: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti awò lójú! Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà mọ́, ó ti yí ẹ̀yìn sí i. Ìdí ló kọ sí bàbá ìyàwó, iwájú orí rẹ̀ sì fọ́ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Awò fọ́ yángá. Láti orí ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà."

Mo sáré tọ̀ ọ́. Mo bọ́ gèlè mi, mo fi di orí rẹ̀. Ìbùkún ń ké, Bàbá Tísà sì dúró sójú kan, ó ń sọ pé, "Mo kàn kí wọn ni. Mo kàn kí wọn ni." A gbé Káyọ̀dé dé ilé ìwòsàn, ojú ni gbogbo wa sì ń bẹ̀rù, torí ọgbẹ́ náà kò jìnnà sí ẹyinjú. Ọlọ́run ṣàánú. Wọ́n rán an, dókítà sì ní ojú kò fara gbá. Mo sunkún ọpẹ́ níbẹ̀, mi ò tijú.

Bí a ṣe padà dé ṣọ́ọ̀bù ni Ọ̀gá Délé ṣe òfin tuntun. Ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kí ẹni tó bá di awò, ẹni tó bá wọlé, kó dákẹ́. Òfin náà bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ní Adó wa yìí, ta ló fẹ́ wọ ilé tí ọmọdé ò ti ní kí i? Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kárí àdúgbò. Ìyá kan wá fa ọmọ rẹ̀ jáde, ó ní, "Èmi è é tọ́mọ kó wá lọ kọ́ àìkíni ní ulé géèmù!" Àwọn ìdílé kò wá mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń yà lẹ́yìn iṣẹ́ náà kò wá mọ́. Ọ̀gá pè mí, ó ní bí oṣù yẹn bá fi parí tí nǹkan ò yí padà, òun á ti ilẹ̀kùn, òun á sì padà sí oko ìrẹsì àwọn bàbá òun ní Ìgbẹ́mọ. Ọmọ mi wà nílé ìwé gíga nígbà náà. Ọkọ mi ti kú. Mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn láyé yìí.

Oṣù ń lọ sópin nígbà tí Káyọ̀dé padà wá, pẹ̀lú báńdéèjì níwájú orí; nítorí ọgbẹ́ náà, wọn ò tíì ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí géèmù lé òun. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ náà. Àmọ́ mo tún wo ọrùn rẹ̀: ó ń yíjú sí ẹnu ọ̀nà léraléra. Mo ní, "Àjókòóṣe ni tìrẹ lónìí," mo sì fi í sídìí ọkọ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, Bàbá Tísà ló wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó dúró síta.

"Sà, ẹ wọlé."

Ó mi orí. "Jẹ́ kí n wà níbí. Bí mo bá wọ unú ulé yẹn tó kí mi, ẹ̀jẹ̀ ni. Bí kò bá sì kí mi, Bọ́sẹ̀dé, kí n má parọ́, ó máa dùn mí."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún òtítọ́ yẹn. Mo wẹ̀yìn, mo rí i tí èjìká Káyọ̀dé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀ nínú àga, torí ó ti gbọ́ ohùn náà. Mi ò ronú púpọ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì níwájú Bàbá Tísà, orúnkún méjèèjì, mo sì pariwo kó lè dé etí ẹni tó wà nínú ilé: "Ẹ káàbọ̀ o, sà! Káyọ̀dé ní kí n bá òun kí yín!"

Káyọ̀dé dáhùn láti inú àga: "Ẹ ṣeun o, mà! Ẹ bá mi kí wọn dáadáa!"

Bàbá Tísà wò mí nílẹ̀, ó wo ọmọkùnrin náà nínú àga, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Mo gbà á," ló wí. "Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ. Dìde, ọmọ mi." Ó wọlé, ó jókòó, ó sì ń wo bí Káyọ̀dé ṣe ń forí ọkọ̀ sọ igi. Nígbà tí mo tú awò, Káyọ̀dé dìde, ó wo ibi tí àna rẹ̀ wà dáadáa, ó wá dọ̀bálẹ̀.

"Ehn, ojú rẹ rè é," ni Bàbá Tísà wí. "Ùdí rẹ nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Bàbá Tísà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, pé òṣìṣẹ́ kan wà ní ilé géèmù tó máa ń kúnlẹ̀ bá ọmọ ẹni kíni. Àwọn èèyàn padà. Àwọn àgbàlagbà kan tí kò bá géèmù tan tilẹ̀ ń yà kí n lè kí wọn ni. Oṣù parí, Ọ̀gá Délé kò dárúkọ Ìgbẹ́mọ mọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé tábìlì onírin jáde, ó fi tìmùtìmù yí ògiri ká, ó sì fi ìbéèrè kan kún èyí tó kọ́ mi. Láti ìgbà náà, kí a tó sọ fún àlejò pé kó jókòó tàbí kó dúró, a ó kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé àgbà kan lè wá bá yín níbí?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àga ni. Mi ò rò pé wọ́n ń bèèrè ìyẹn ní ibòmíràn láyé.

Káyọ̀dé àti Ìbùkún ṣe ìgbéyàwó, àpá náà sì hàn nínú fọ́tò. Awò tó ní wáyà lọ, èyí tí kò ní wáyà dé, ó fúyẹ́, kì í sì í fi èèyàn sínú òkùnkùn bí iná bá lọ. Ọ̀gá Délé dàgbà, ó fi iṣẹ́ lé Tọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, ó sì padà sí Ìgbẹ́mọ nígbà tó wù ú, kì í ṣe pé nǹkan lé e lọ. Èmi ni mo kọ́ Tọ́pẹ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹsẹ̀. Mo le fún un díẹ̀. Èmi náà kò jókòó, òun náà kò sì jókòó.

Orúnkún ló dá mi dúró níkẹyìn. Dókítà bi mí irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo ní ìdúró àti ìkúnlẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ bá ọmọ kí ìyá, bá ọkọ ìyàwó kí àna, bá àwọn ọmọ ilé ìwé gíga kí olùkọ́ wọn. Kò dùn mí pé mo ṣe é. Gbogbo ìkíni yẹn ni wọ́n fi àdúrà dá lóhùn, orí èmi tó kúnlẹ̀ ni àdúrà náà sì bọ́ sí, torí ẹ ò ní sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ lọ bá ẹni tó wà nínú awò. Ọmọ mi ti di dókítà. Mo ní ilé. Mo jí láàárọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, Tọ́pẹ́ kó àwọn èèyàn jọ, ó gbé awò wá, ó ní èmi ni àlejò lónìí. Mo ti máa ń gbé e sójú láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìdúró ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni. Mi ò jókòó ṣe géèmù rí nínú ilé yẹn. Mo gun àtẹ̀gùn wọlé, Tọ́pẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Mà, àga ọlọ́lá nì yí, ẹ̀yin ló ń dúró dè."

Ọmọ burúkú! Mo fẹ́ bínú, àmọ́ èmi ni mo kọ́ ọ.

Ó fi mí sínú ọkọ̀ ojú omi pé kí n máa pẹja. Omi lọ salalu níwájú mi, oòrùn ń wọ̀, mo ju ìwọ̀ sómi. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ̀pá tó ń kan símẹ́ńtì, kò, kò, kò, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn kan sì wí pé, "Ẹ kúulé o."

Láti Ìgbẹ́mọ ló ti wá. Ọ̀gá mi. Ọwọ́ mi ti di apá àga mú, orúnkún mi méjèèjì ti ń bọ̀ nílẹ̀.

"Bọ́sẹ̀dé," ló wí, "jókòó."

Láti ìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi rí. Mi ò mọ bóyá kí n gbà á gbọ́. Mo gbọ́ tí ọ̀pá náà tún kanlẹ̀, tó súnmọ́ mi díẹ̀.

"Mo ní jókòó. Mo ti bá ọ kí ara mi."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹja ń fa ìwọ̀ mi, omijé sì kún inú awò débi pé mi ò rí i mọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà," mo sì jókòó.